Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: 5G, ìgbì àárín àti ohùn àwọn àgbà wa



Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ owó kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ti ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní agbègbè Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn kan láàárín wa fẹ́ ká fi ra fóònù 5G fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wa ṣe iṣẹ́ náà. Ìdí tí wọ́n mú wá ni pé bí a bá gba orin tàbí ìtàn kan sílẹ̀ ní abúlé lówùúrọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ yóò ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́. Àwọn mìíràn ní ìpolówó ló ń tàn wá jẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó wà níjókòó wá béèrè pé: "Akọ̀wé, òpó tí yóò gbé e ńkọ́? Ṣé ó wà ní abúlé náà?" Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lóhùn. Wọ́n ní kí n lọ wádìí, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí síbí kí gbogbo wa lè kà á.

Ohun tí mo mú bọ̀ kò gùn púpọ̀. 5G kì í ṣe orúkọ ohun kan ṣoṣo. Oríṣi ìgbì mẹ́ta ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń fi ṣe é, ìwà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yàtọ̀ gédégédé. Èyí tí wọ́n ń jà lé lórí jù, tí owó ńlá ń wọlé fún, ni ìgbì àárín. Ìgbì náà dára, ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni ìwà rẹ̀ bá mu. Bí a kò bá mọ èyí, a ó máa ra orúkọ, a ó sì máa wá ohun tí orúkọ náà ṣèlérí tì.

Ìgbì mẹ́ta, ìwà mẹ́ta

Ohun tí lẹ́tà G yẹn ń tọ́ka sí ni ìran. 5G ni ìran karùn-ún ẹ̀rọ fóònù alágbèéká. Ó sọ irú ẹ̀rọ tó wà lórí òpó àti nínú fóònù fún wa, kò sọ irú ìgbì tí ọ̀rọ̀ ń gùn kọjá nínú afẹ́fẹ́.

Ìjọba ló ń pín ìgbì fún àwọn ilé-iṣẹ́, bí ẹni ń pín ilẹ̀. MHz àti GHz ni wọ́n fi ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan wà. 1,000 MHz ló wà nínú 1 GHz.

Èkíní ni ìgbì ìsàlẹ̀, èyí tí kò tó 1 GHz: 700, 800 tàbí 900 MHz. Ó ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá. Òpó kan lè kó abúlé mélòó kan pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀nà rẹ̀ tóóró. Ilé-iṣẹ́ kan lè máà ní ju 10 tàbí 20 MHz lọ níbẹ̀, nítorí náà bí èèyàn bá pọ̀ lórí rẹ̀, gbogbo wọn á máa falẹ̀.

Èkejì ni ìgbì òkè, láti nǹkan bí 24 GHz lọ sókè. Ọ̀nà yìí fẹ̀ gan-an, ó sì yára bí àṣá, ṣùgbọ́n kò lè rìn ju àdúgbò kan lọ. Ògiri ń dí i, ewé igi ń dí i, ọwọ́ tí a fi di fóònù mú pàápàá lè dí i.

Ẹ̀kẹta ni ìgbì àárín, láti 1 GHz dé nǹkan bí 6 GHz. Ní ti 5G, apá tí wọ́n ń lò jù níbẹ̀ ni 2.5 sí 2.6 GHz àti 3.3 sí 3.8 GHz. Níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ kan lè gba 100 MHz tó tò tẹ̀ léra wọn. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pariwo iyára. Ṣùgbọ́n ìgbì yìí kì í rìn jìnnà tó ti ìsàlẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń dínkù bó bá ti wọ inú ilé. Láti fi kárí ilẹ̀ kan náà, òpó gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i.

Ẹni tó bá ti sun abúlé kejì lóru ọjọ́ tí wọ́n ń ṣeré ní abúlé kìíní yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Ìlù ńlá la ó máa gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin kò ní dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbì fóònù kì í ṣe ohùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú èyí ìwà wọn jọra: èyí tó wà nísàlẹ̀ ń lọ jìnnà, èyí tó ga ń tètè rẹ̀.

Gbàǹjo tó wáyé ní Nàìjíríà

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni ti àwọn ará wa lódìkejì ẹnubodè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àjọ NCC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà gbé ìpín méjì nínú ìgbì 3.5 GHz kalẹ̀ fún gbàǹjo. 100 MHz ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 197.4 owó dọ́là ni iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló wá dùn ún: MTN, Mafab àti Airtel. Ní ìpele kọkànlá, Airtel fà sẹ́yìn, MTN àti Mafab sì mú ìpín kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 273.6 dọ́là. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, Airtel náà padà wá gba 100 MHz tirẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìpín kékeré kan ní 2.6 GHz. Mílíọ̀nù 316.7 dọ́là ló san.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí owó yìí túmọ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ tó ti san irú owó bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo sórí òpó kò lè bẹ̀rẹ̀ láti oko. Ibi tí èèyàn ti pọ̀, tí wọ́n lówó láti ra fóònù tuntun, tí iná àti òpó ti wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí MTN bẹ̀rẹ̀ 5G ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìlú méje ló kọ́kọ́ dárúkọ: Èkó, Àbújá, Port Harcourt, Ìbàdàn, Kánò, Owerri àti Maiduguri. Mafab bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá àti Èkó ní ọdún 2023. Ìbàdàn wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ aládùúgbò Kétu, kò sí níbẹ̀. Ìdìrókò, tó dojú kọ wa láti ọ̀nà Àjàṣẹ́, kò sí níbẹ̀.

N kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ìwà ìgbì náà àti owó tí wọ́n fi rà á ló para pọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí òpó kan kò bá lè kó ju agbègbè kékeré lọ, tí agbègbè náà kò sì ní ju ọgọ́rùn-ún ilé lọ, owó tí wọ́n ń ná sórí òpó náà kò ní padà sílé. Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe ìgbàgbé ló mú kí ìgbì àárín pẹ́ kó tó dé abúlé wa. Ìṣirò ni.

Orúkọ tí wọ́n ń sọ ìgbì ní Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ ta ìgbì, Amẹ́ríkà ni ẹ ó wò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń gbé níbẹ̀ yóò ti rí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí lójú fóònù wọn.

Ní ìparí ọdún 2018 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ilé-iṣẹ́ AT&T bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì "5G E" hàn lójú fóònù àwọn oníbàárà rẹ̀. Fóònù 4G ni fóònù náà, ẹ̀rọ 4G tí wọ́n tún ṣe ló sì wà lórí òpó. Sprint, tó jẹ́ orogún rẹ̀, gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2019, àwọn méjèèjì sì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ìpolówó níbẹ̀ dá AT&T nímọ̀ràn pé kó dẹ́kun lílo orúkọ náà nínú ìpolówó, ó sì gbà.

T-Mobile ní tirẹ̀ kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 pé 5G òun ti kárí orílẹ̀-èdè. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ 5G ni. Ṣùgbọ́n ìgbì ìsàlẹ̀, 600 MHz, ló fi ṣe é. Ó dé ibi tó pọ̀, àmọ́ iyára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti 4G tó dára lọ. Ìgbà tó da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ Sprint ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 ló tó rí ìgbì 2.5 GHz púpọ̀ gbà. Orí ìgbì àárín yìí ni iyára gidi ti wá, ó sì wá orúkọ mìíràn fún un: "Ultra Capacity". Lẹ́tà UC kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 5G ni oníbàárà fi ń mọ̀ pé ìgbì àárín lòun wà.

Ti Verizon tún yàtọ̀. Ìgbì òkè ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ó sì sọ ọ́ ní "Ultra Wideband". Ó yára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yà sí òpópónà kejì, ó lè ti lọ. Ní ọdún 2021, nígbà tí gbàǹjo ìgbì àárín tí wọ́n ń pè ní C-band parí níbẹ̀, àpapọ̀ owó tí wọ́n dá lé bílíọ̀nù 81 dọ́là, Verizon nìkan sì dá lé ní bílíọ̀nù 45. Nígbà tó tan ìgbì yẹn ní oṣù Kíní ọdún 2022, orúkọ "Ultra Wideband" yẹn kan náà ló fún un. Orúkọ kan ti wá ń jẹ́ ti ìgbì méjì tí ìwà wọn kò jọra rárá.

Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Níhìn-ín, ọjà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ ìgbì lórúkọ. Kò sí èyí tó parọ́ pátápátá nínú àwọn mẹ́ta yìí, bóyá àfi àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ńlá "5G" kò sọ ohun tó ṣe pàtàkì fún oníbàárà. Ó ní láti máa wá lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́?

Ní Tógò, Togocom bẹ̀rẹ̀ 5G ní Lomé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n sì polongo pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n Lomé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará wa tó ń sọ èdè Ifẹ̀ ní agbègbè Atakpamé wà ní nǹkan bí 160 kìlómítà sí ibẹ̀. Bí ìròyìn bá ní "5G ti dé Tógò", ó yẹ kí ẹni tó ń kọ ìtàn àwọn Ifẹ̀ sílẹ̀ béèrè pé apá ibo ní Tógò.

Ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta là ń bá ná ọjà: MTN, Moov àti Celtiis. ARCEP ni àjọ ìjọba tó ń bójú tó wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń rìn láti Àjàṣẹ́ lọ sí Pọ́bẹ̀, kó tún gba Kétu kọjá, mọ bí "réseau" ṣe ń yí padà lọ́nà. Ẹni tó bá sì dúró nítòsí ẹnubodè mọ̀ pé fóònù a máa fò lọ bá òpó Nàìjíríà láìtọrọ gáfárà. Ìgbì kò mọ ààlà tí àwọn òyìnbó fà, bí èdè wa náà kò ṣe mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ìpolówó kì í sọ: fífi ránṣẹ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan iṣẹ́ wa gan-an nìyí. Iyára tí ìpolówó ń kà fún wa ni ti gbígbà wọlé: wíwo fíìmù, gbígba orin. Iṣẹ́ tiwa lódì sí èyí. Àwa ń fi ránṣẹ́. Láti abúlé ni nǹkan ti ń bọ̀.

Lórí 3.5 GHz, ọ̀nà kan náà ni àlọ àti àbọ̀ ń gbà. Àkókò ni wọ́n pín fún wọn, bí ìgbà tí ọkọ̀ ń gba afárá tóóró ní ìpín-ìpín. Àwọn ilé-iṣẹ́ sábà máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò náà fún gbígbà wọlé, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ń ṣe nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, òpó ní agbára láti kígbe, ṣùgbọ́n agbára tí fóònù fi ń dáhùn kò tó wáàtì kan. Nítorí náà, bí a bá ti jìnnà sí òpó díẹ̀, fóònù lè máa gbọ́ òpó dáadáa kí òpó má gbọ́ fóònù. Àmì 5G yóò wà lójú fóònù, fáìlì wa kò sì ní lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Gbogbo wa mọ Ẹ̀fẹ̀, orin alẹ́ tó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí ni UNESCO kọ sínú ìwé ogún aráyé ní 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ká ní a gba Ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí 6, ohùn nìkan, láìfún un pọ̀, bó ṣe yẹ fún ohun tí a fẹ́ tọ́jú fún ọmọ-ọmọ wa. Wákàtí kan jẹ́ nǹkan bí 318 MB. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ nǹkan bí 1.9 GB.

Bí iyára fífi ránṣẹ́ bá jẹ́ 20 Mbps, ìṣẹ́jú 13 ló máa gbà. Bó bá jẹ́ 2 Mbps, wákàtí 2 lé díẹ̀. Bó bá jẹ́ 0.5 Mbps, wákàtí 8 àti ààbọ̀. Ní ti ìgbẹ̀yìn yìí, àkókò tí akọrin fi kọrin kò tó èyí tí a ó fi fi orin náà ránṣẹ́, bí iná kò bá lọ, bí "méga" kò bá sì tán.

Kì í ṣe ìgbì àárín nìkan ló lè mú wa dé 20 Mbps. 4G tó dára, lórí òpó tí kò jìnnà, tí èèyàn kò pọ̀ jù lórí rẹ̀, lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń so ìgbì àárín pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀: fóònù á máa gbà wọlé lórí àárín, á sì máa fi ránṣẹ́ lórí ti ìsàlẹ̀ tó ń rìn jìnnà. Ohun tí abúlé wa nílò nìyẹn, ju pátákó ìpolówó lọ.

Ìmọ̀ràn tí mo mú wá fún ìgbìmọ̀

Àkọ́kọ́, kí a má tíì ra fóònù 5G. Kí a fi owó náà ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó dára, káàdì ìrántí púpọ̀, àti ohun tí a fi ń gba iná sí i lára. Bí a bá ti gba ohùn kan tán, kí a dà á sí káàdì méjì kí a tó kúrò ní agbo ilé náà. Ohùn tó wà lórí fóònù kan ṣoṣo, tó ń dúró de "réseau", kò tíì sí lọ́wọ́ wa. Bí fóònù yẹn bá bọ́ sómi lọ́nà, ohùn ti lọ nìyẹn, ẹni tó sọ ọ́ sì lè má sí láyé mọ́ tí a bá padà lọ.

Èkejì, kí a máa fi ránṣẹ́ láti ìlú, lọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ bá dúró ṣinṣin. Bí ìgbì àárín bá dé ìlú náà, èrè rẹ̀ yóò kàn wá níbẹ̀. N kò sọ pé kò wúlò. Ibi tó ti wúlò ni mo ń tọ́ka sí.

Ẹ̀kẹta, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a máa bi ilé-iṣẹ́ fóònù, kí a sì kọ wọ́n ránṣẹ́ sí ARCEP pẹ̀lú: Orí ìgbì wo ni 5G tí ẹ ń polówó wà? Iyára wo ni ẹ ń ṣèlérí fún fífi ránṣẹ́? Àwọn "arrondissement" wo ni yóò dé, ní ọdún wo? Bí ìjọba bá tún fẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní ìwé àṣẹ, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti gba owó tán.

Ẹ̀kẹrin, iṣẹ́ fún gbogbo wa. Bí ẹ bá lọ sílé, ẹ wọn iyára fífi ránṣẹ́ ní abúlé yín lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ kọ orúkọ abúlé, ọjọ́ àti iye tí ẹ rí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Bí a bá ní ti abúlé ogójì, ọ̀rọ̀ wa yóò ní ìdí níwájú olórí ìlú àti níwájú ìjọba.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ ká ra fóònù náà sọ fún mi pé fóònù a máa lò tó ọdún mẹ́rin, pé "réseau" lè bá a lọ́nà. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí a fẹ́ gba ohùn wọn kò ní ọdún mẹ́rin tí wọ́n lè fi dúró dè wá. Ohun tó lè gba ohùn wọn lónìí ni kí a kọ́kọ́ rà.

Ìgbìmọ̀ yóò ṣe ìpinnu ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ fóònù, ẹ kọ̀wé sí wa kó tó di ọjọ́ náà. A ó kà á síwájú gbogbo ilé. Kí Ọlọ́run dá àwọn àgbà wa sí fún wa.